Ṣé Kí N Ta Ẹ́ńjìnì Ṣẹ́ẹ̀sì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù l'Ọ́ṣogbo

Kí ni ẹ́ńjìnì ṣẹ́ẹ̀sì, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí áàpù ṣẹ́ẹ̀sì?

Ẹ́ńjìnì ni ọpọlọ. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì. A ó sọ fún un bí àwọn ọmọ ṣe tò sórí ọpọ́n, yóò rò ó, yóò sì dá ìgbésẹ̀ kan padà. Áàpù ni ojú tí ènìyàn ń rí: ọpọ́n, aago, ohùn, àti ibi tí wọ́n ti ń yan bí alátakò yóò ṣe le tó.

Èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni UCI, tí Rudolf Huber àti Stefan Meyer-Kahlen gbé jáde ní ọdún 2000. Nítorí UCI, ẹ́ńjìnì tí ẹ kọ nínú yàrá yín ní Òkè-Fìà lè jókòó sínú áàpù tí ará Jámánì kọ, láìyí ìlà kóòdù kan padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí oníbàárà lè yọ ẹ́ńjìnì yín kúrò, kó fi tẹlòmíràn sí i, láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní kúkúrú: ṣé kí n tà á àbí kí n má tà á?

Ẹ má ta ẹ́ńjìnì nìkan. Ẹ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ lè tà ni ohun tí ẹ bá kọ́ yí i ká: ẹ̀kọ́, àlàyé, alátakò tó mọ bí a ti ń bá ọmọdé ta, áàpù tí kì í jẹ dátà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni Stockfish, ẹ́ńjìnì kan tó lágbára gan-an, kò sì sí ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kankan láyé tó lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta omi fún ará etí odò Ọ̀ṣun, àfi kí omi náà tutù nini, tàbí kó wà nínú ike tó ṣeé gbé rìnrìn-àjò. Agbára nìkan kì í ṣe ọjà mọ́.

Ṣé kò wá sí ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì mọ́ ni?

Wọ́n wà. Shredder ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti kọ̀ǹpútà láti ọdún 1996, ó ṣì wà lọ́jà. HIARCS náà ṣì wà. Komodo di ti ìkànnì Chess.com ní 2018. Ẹ wo ohun tó pa wọ́n pọ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ títà nígbà tí ọ̀fẹ́ kò tíì lágbára tó báyìí, orúkọ wọn ti pẹ́, wọ́n sì ń ta áàpù mọ́ ọn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní àǹfààní àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má fi tiwọn ṣe ìwọ̀n.

Kí gan-an ni ènìyàn lè sanwó fún?

Alátakò tó rọ̀ lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu. Ibí yìí ni Stockfish kò ti dáa tó, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ẹ́ńjìnì ti ń kùnà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n ní kí ẹ́ńjìnì máa ṣe ìgbésẹ̀ èyíkéyìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni alátakò tó ta bí ọ̀gá nígbà mẹ́sàn-án, tó wá gbé ayaba rẹ̀ fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kẹwàá. Ọmọ tó ń bá a ta kò kọ́ nǹkan kan, ńṣe ló ń dúró de ẹ̀bùn.

Ọ̀nà tó sàn: ẹ dín iye ipò ọpọ́n tí ẹ́ńjìnì lè yẹ̀ wò kù, bí àpẹẹrẹ kó má ju 500 lọ fún ìgbésẹ̀ kan. Ẹ fi ariwo kékeré, ìyẹn nọ́ńbà tí a kò yàn, sínú ìdíyelé ipò (nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tó ń borí níbẹ̀), bí ìdajì ọmọ-ogun kan sí ọmọ-ogun kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn náà kó mú ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó dára jù, kí èyí tó dára máa wá ju èyí tí kò dára lọ. Ẹ má jẹ́ kó gbójú fo ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìní olùgbèjà, torí òpè ènìyàn pàápàá máa ń rí ìyẹn.

Iye ipò ni kí ẹ fi díwọ̀n, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Tẹ́ẹ bá fi àkókò dín in, ipele kejì lórí fóònù onírámù 2 GB yóò rọ̀ ju ipele kejì lórí kọ̀ǹpútà lọ, àwọn ọmọ méjì nínú kíláàsì kan yóò sì máa jiyàn. Àwọn ipele yẹn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 títí dé 10 lásán. A ní òpè, a ní ọ̀ta, láti ojú ọpọ́n ayò wá, gbogbo bàbá tó fẹ́ ra áàpù fún ọmọ rẹ̀ ló mọ ìtumọ̀ wọn.

Èkejì ni àlàyé ní èdè Yorùbá: «Ẹṣin rẹ ò ní olùgbèjà», «Ọba rẹ kò tíì sá pamọ́». Ìkẹta ni pé kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tó ń kó ọmọ ogún jọ lẹ́yìn ilé-ìwé kò ní fi dátà ara rẹ̀ ṣe é.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti yẹ kó jáde síta, yálà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó?

Perft, ìdánwò tó ń ka gbogbo ọ̀nà tí eré lè gbà lọ, ló ṣáájú. Láti ipò ìbẹ̀rẹ̀, iye ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ 20, 400, 8,902, 197,281, 4,865,609 ní ìjìnlẹ̀ 1 dé 5, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan dé márùn-ún síwájú. Tí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, bó tilẹ̀ ṣe ẹyọ kan, àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n ipò ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò tó: kásílì (ìgbésẹ̀ tí ọba àti ilé-ìṣọ́ fi ń rìn pọ̀) kò tilẹ̀ lè wáyé nínú rẹ̀ títí dé ìjìnlẹ̀ 6, nítorí náà kóòdù kásílì tó ti bàjẹ́ pátápátá yóò kọjá ìdánwò yẹn. Ẹ fi ipò tí wọ́n ń pè ní Kiwipete kún un: 48, 2,039, 97,862, 4,085,603. Àwọn àṣìṣe en passant (ọ̀nà àkànṣe tí ọmọ-ogun fi ń jẹ ọmọ-ogun) àti kásílì ibẹ̀ ló máa ń jáde sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbọ́ àṣẹ «stop» nígbà tó ń rò lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá rò tán. Kó máa fi ó kéré tán ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá kan pamọ́ lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí áàpù náà ń jẹ nínú àkókò. Ẹ yẹ ipò tó wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti òfin ìgbésẹ̀ àádọ́ta wò, torí àwọn méjèèjì lè sọ eré di ọ̀mì. Ẹ́ńjìnì tó ti ń borí tó sì sọ ọ́ di ọ̀mì nítorí pé ó ń yí po lójú kan, oníbàárà kì í dárí jì í.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ lára ní àdúgbò wa ni AVX2, àwọn àṣẹ ìṣirò kíákíá tí kì í ṣe gbogbo ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) ló mọ̀ wọ́n. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi kọ ọ́ lè ní i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó ní CPU Celeron tó wà níta kò ní i. Ètò náà yóò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i, kò sì ní sọ ìdí. Ẹ kọ́ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan tó ń lo AVX2, ọ̀kan tí kò lò ó, tàbí kí ètò yẹ kọ̀ǹpútà wò kó tó yan ọ̀nà.

Eré mélòó ni mo nílò láti mọ̀ pé ẹ̀dà tuntun lágbára ju ti tẹ́lẹ̀? NEPA ò sì jẹ́ kí n ráyè.

Ọgọ́rùn-ún eré kò sọ nǹkan kan: èsì rẹ̀ lè yẹ̀ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí Elo 60 (Elo ni òṣùwọ̀n agbára nínú ṣẹ́ẹ̀sì). Ẹgbẹ̀rún kan, nǹkan bí 20. Ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, nǹkan bí 6. Nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ́ sórí ìpolówó pé «ó fi Elo 15 lágbára sí i» lẹ́yìn igba eré kò tíì mọ ohun tó ń sọ. Ẹ lo SPRT, tó máa ń dá ìdánwò dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí bá ti tó. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wáyé lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ àwọ̀. Láìsí onírúurú ìbẹ̀rẹ̀, eré kan náà ni ẹ ó máa wò lẹ́gbẹ̀rún ìgbà.

Ẹ ṣírò iná rẹ̀. Eré tí ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹgbàárùn-ún irú rẹ̀, tí mẹ́rin bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ wákàtí 21. Kò sí bí iná kò ṣe ní lọ láàárín rẹ̀. Ẹ lo fastchess, ètò tó ń mú ẹ́ńjìnì méjì bára wọn ta, tó sì máa ń tọ́jú ibi tó dé, tí ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ewu tó fara sin níbẹ̀ ni bátìrì. Nígbà tí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, ó máa ń rọra ṣiṣẹ́ láti dá agbára sí. Ẹ́ńjìnì yóò wá máa pàdánù lórí aago, èsì tó jáde kì í ṣe ti kóòdù yín mọ́. Ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà kí ìyára rẹ̀ má yí padà, tàbí kí ẹ da gbogbo eré tó wáyé lórí bátìrì nù. Ẹ má fi dá ọkàn yín le pé kò lè pọ̀.

Mo mú apá kan nínú kóòdù Stockfish. Ṣé mo ṣì lè tà á?

Òfin gbà yín láyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ṣe rò ó. Stockfish wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL ẹ̀dà 3. GPL kò ní kí ẹ má gbowó. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ètò náà lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ lè gba kóòdù ìpilẹ̀ rẹ̀ pátá, títí kan àtúnṣe tiyín, lábẹ́ GPL kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in fún gbogbo Ìgbọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò sì lè mú un. Àyè àtità wà. Ọjà ni kò sí.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi pamọ́. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ ChessBase gbé ẹ́ńjìnì Fat Fritz 2 jáde. Stockfish ni, tí wọ́n yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ (fáìlì nọ́ńbà tó fi ń díyelé ipò) padà. Ní Oṣù Keje ọdún náà àwọn tó ń kọ Stockfish gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Jámánì. Wọ́n yanjú rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2022: ChessBase gbà láti dá títà ohunkóhun tí Stockfish bá wà nínú rẹ̀ dúró fún ìgbà kan, wọ́n sì gbà láti yan ẹni tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì. Ilé-iṣẹ́ tó ní agbẹjọ́rò nìyẹn o.

Mi ò da nǹkan kan kọ, mo kàn ka kóòdù wọn ni.

Kò burú. Ìmọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan: àwọn ọgbọ́n tí ẹ́ńjìnì fi ń wá ìgbésẹ̀ kíákíá, bí alpha-beta, null move, late move reductions, transposition table, gbogbo wọn ni ẹnikẹ́ni lè lò. Ọ̀nà tí ẹnì kan gbà kọ ọ́ ni ó ní ẹni tó ni ín. Ìṣòro ni pé ẹni tó bá ka kóòdù kan lálẹ́ yóò kọ ọ́ bákan náà láàárọ̀ láìmọ̀.

Ẹ kà á, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ ohun tó ń ṣe sínú ìwé, ẹ pa á dé. Ọjọ́ kejì, ẹ kọ kóòdù láti inú ìwé yín. Àwọn tábìlì nọ́ńbà ló léwu jù: iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó, àti iye tí ojú kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n tó. Bí nọ́ńbà ọgọ́ta ó lé mẹ́rin bá bá ti ẹlòmíràn mu lẹ́sẹẹsẹ, kò sí àlàyé tí yóò ta. Ẹ fi eré ẹ́ńjìnì ara yín ṣe àtúntò wọn. Ẹ sì lo git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà kóòdù, láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ má pa ìtàn rẹ̀ rẹ́ láé. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ rántí ẹ́ńjìnì Rybka. Ní 2011 ICGA, ẹgbẹ́ àgbáyé fún eré kọ̀ǹpútà, gba àwọn ife-ẹ̀yẹ àgbáyé rẹ̀ padà, títí kan ti 2007 sí 2010, wọ́n ní ó mú kóòdù láti inú ẹ́ńjìnì Crafty àti Fruit. Àwọn kan ṣì ń jiyàn ìdájọ́ náà títí dòní. Àríyànjiyàn náà gan-an ti tó láti pa ọjà.

AI ló bá mi kọ apá kan. Ṣé tèmi ni?

Ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi tà. Kóòdù ẹ́ńjìnì ọ̀fẹ́ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, AI sì lè gbé odindi fọ́nṣọ̀n Stockfish fún yín pẹ̀lú orúkọ tuntun. Tí ẹ ò bá lè ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà kan fi wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì NNUE ńkọ́? Ṣé mo lè gbé ti ẹlòmíràn sínú áàpù tí mò ń tà?

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ẹni tó ni ín bí kóòdù ṣe ní. NNUE, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń díyelé ipò kíákíá, jẹ́ iṣẹ́ Yu Nasu, ẹni tó kọ ọ́ fún shogi (ṣẹ́ẹ̀sì àwọn ará Japan) ní 2018. Stockfish gbà á wọlé ní ẹ̀dà 12, ní 2020. Ìmọ̀ yẹn jẹ́ ti gbogbo ayé, fáìlì tí ẹnì kan fi oṣù mẹ́ta kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo láísẹ́ǹsì fáìlì náà, kí ẹ sì wo ti dátà tí wọ́n fi kọ́ ọ. Eré tí ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì Lichess kó jọ wà lábẹ́ CC0, ẹ lè lò ó fún ohunkóhun.

Èyí tó mọ́ jù ni kí ẹ́ńjìnì yín bá ara rẹ̀ ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí a kò yàn, kí ẹ wá jẹ́ kó yẹ ipò 5,000 wò fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ipò, ìdíyelé, àti èsì eré sílẹ̀. Ẹ yọ ipò tí ọba wà lábẹ́ ìkọlù, àti èyí tí ìgbésẹ̀ tó dára jù níbẹ̀ jẹ́ jíjẹ ọmọ. Ẹ́ńjìnì tó ń yẹ mílíọ̀nù kan ipò wò ní ìṣẹ́jú àáyá, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mẹ́rin, yóò rí ogún mílíọ̀nù ipò ní wákàtí méje, kí ẹ tó yọ àwọn tí kò wúlò. Ó tó fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré àkọ́kọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gba nọ́ńbà 768 wọlé, tó ní 256 láàárín, kò ju nǹkan bí 400 KB lọ. Fún ẹni tó ń fi dátà ra áàpù, ìyẹn níye lórí ju Elo ọgọ́rùn-ún lọ.

Ṣé kí n fi Syzygy, àwọn tábìlì tó mọ èsì ìparí eré, sínú rẹ̀?

Rárá. Ti ipò tó ku ọmọ márùn-ún nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 GB, ti mẹ́fà sì tó 150 GB. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ní i júwe ibi tó kó o sí fún áàpù.

Ọ̀rẹ́ mi kọ ọgbọ̀n ìlà péré nínú rẹ̀. Ṣé ó ní ẹ̀tọ́ kankan?

Ó ní. Ọgbọ̀n ìlà rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ títí tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kí ẹ lò ó lọ́nà kan pàtó. Ẹ kọ ọ́ kí owó tó wọlé: ta ló kọ kí ni, èló nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni kọ̀ọ̀kan, ta ló lè yí láísẹ́ǹsì padà. Ojú ìwé kan tó. Ẹnu lásán máa ń yí padà bí owó bá ti dé, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́wàá á sì bàjẹ́ lórí ọgbọ̀n ìlà.

Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbi kan, ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín kí ẹ tó ta ohunkóhun, pàápàá tí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà wọn kọ ọ́. Bákan náà ni ti iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì: ẹ bi olùdarí yín léèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn ní kíkọ.

Tí mo bá ta áàpù ní ₦3,000, èló ló máa kù sọ́wọ́ mi?

Tí ẹ bá tà á láti ìkànnì ara yín pẹ̀lú Paystack, 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí káàdì ilẹ̀ wa: ₦145 lọ, ₦2,855 kù. Tí iye bá kéré sí ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Lórí Google Play, 15% ni fún mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ lọ́dún: ₦450 lọ, ₦2,550 kù. Owó ìforúkọsílẹ̀ wọn jẹ́ dọ́là 25, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí ọjọ́ fi lọ: àkáǹtì ara ẹni tí a ṣí lẹ́yìn 13 Oṣù Kọkànlá 2023 gbọ́dọ̀ ní ènìyàn 12 tí yóò dán áàpù wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró kó tó lè jáde. Ẹ wá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ẹnì kan yóò yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀ láti fi àyè gba fọ́tò.

Báwo ni mo ṣe máa dá àwọn tó ń fi Xender pín áàpù mi dúró?

Ẹ má fi oṣù méjì kọ titiipa. Titiipa tó so mọ́ fóònù kan yóò ti oníbàárà olóòótọ́ síta lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ fóònù, ẹ ó sì máa gba ìpè láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí apá àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ kó máa káàkiri, kí ẹ̀kọ́ tuntun tó ń wá lóṣooṣù jẹ́ ti ẹni tó sanwó. Nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá pín in ń polówó fún yín.

Mo ti fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ GPL. Ṣé mo lè yí ọkàn padà kí n máa tà á?

Ẹ̀dà tó ti jáde ti jáde. Ẹ ò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kọ gbogbo rẹ̀, ẹ lè gbé ẹ̀dà tó ń bọ̀ jáde lábẹ́ láísẹ́ǹsì mìíràn, tàbí kí ẹ ta àṣẹ pàtàkì fún ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ GPL. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba àtúnṣe kan ṣoṣo láti ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìwé, ẹ ti nílò àṣẹ tirẹ̀ náà.

Tí ẹ bá gbé e síta láìsí láísẹ́ǹsì kankan, kò sí ẹni tó ní àṣẹ láti lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú gbogbo ayé ló wà. Ẹ yan MIT tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ síbikíbi, GPL tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó bá tún un ṣe fi àtúnṣe hàn. Fún ẹ́ńjìnì, GPL la máa ń dámọ̀ràn.

Kí ló dé tí a ò kọ ẹ́ńjìnì ayò olópọ́n dípò?

Ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀pọ̀ ti béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì nìyí. Kò sí Stockfish ayò tó ti gba gbogbo ọjà. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam yanjú awari, tó jẹ́ ìbátan ayò, wọ́n ṣírò ipò 889,063,398,406, wọ́n sì rí i pé ọ̀mì ni tí ẹni méjèèjì bá ta á dáadáa. Ìṣirò yẹn kò lè wọ fóònù, nítorí náà ẹ́ńjìnì ṣì gbọ́dọ̀ rò.

Ìparí eré ni ó rọrùn láti ṣírò sínú tábìlì. Gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè gbà tò sí ojú méjìlá jẹ́ 646,646. Báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 1 MB. Tí ẹ bá fẹ́ dé ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di 17,383,860, nǹkan bí 17 MB, fóònù ṣì lè gbé e. Alpha-beta tí ẹ kọ fún ṣẹ́ẹ̀sì yóò ṣiṣẹ́ láìsí àyípadà púpọ̀.

Òfin ni yóò fún yín níṣẹ́. Àwọn kan ń jẹ méjì tàbí mẹ́ta; àwọn kan ń kó ọmọ ojú tó bá kún, wọ́n á tún máa tà á lọ. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá tán lọ́wọ́ ẹnì kejì kò dọ́gba láti ilé dé ilé. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó ń ta á, ẹ kọ òfin wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí òfin jẹ́ ohun tí ènìyàn ń yàn nínú áàpù kó tó bẹ̀rẹ̀ eré, kí ẹ tó kọ tábìlì ìparí kankan, torí tábìlì tí a fi òfin kan ṣírò kò wúlò fún òfin kejì.